Kí ni àjọṣètò? Ipò ìdílé nínú ètò ìrànwọ́ fún ọmọ kékeré

Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án tí kò tíì lè dá jókòó, tàbí tó pé ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ kò tíì yọ lẹ́nu rẹ̀, ìrànwọ́ tó bá tètè dé ló máa ń wúlò jù fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ìyá tí ìbànújẹ́ ń dà láàmú lẹ́yìn ìbímọ. Àwọn tó ń ṣètò irú ìrànwọ́ báyìí ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní co-design. Màá pè é ní àjọṣètò níbí. Ohun tó jẹ́ ni pé kí àwọn ìdílé tí ètò náà wà fún jókòó ti nọ́ọ̀sì, dókítà àti ìjọba nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì pinnu ohunkóhun: ọjọ́ wo, ibo ni, ta ni yóò wá, kí ni a ó kọ́kọ́ náwó lé lórí.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì pinnu ohunkóhun! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń kùnà. Wọ́n á ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tán, owó á ti jáde, kí wọ́n tó wá pe àwọn ìyá ọlọ́mọ sí gbọ̀ngàn kan, tí wọ́n á fún wọn ní omi àti ìpápánu, tí wọ́n á sì bi wọ́n bóyá wọ́n fara mọ́ ọn. Ta ni yóò sọ pé òun kò fara mọ́ ọn níwájú àlejò? Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán. Ìfitónilétí nìyẹn, ó sì ní àyè tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe àjọṣètò. Ní 1969, ará Amẹ́ríkà kan, Sherry Arnstein, to ọ̀rọ̀ yìí sí orí àkàbà onípele mẹ́jọ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti ń fi àwọn ará àdúgbò ṣe bojúbojú lásán. Ní àárín, wọ́n ń sọ fún wọn, wọ́n tún ń bi wọ́n léèrè, àmọ́ àṣẹ kò kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá. Lókè ni àwọn ará àdúgbò ti ní àṣẹ gidi lọ́wọ́. Àjọṣètò bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kẹfà, níbi tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti jọ ń pinnu.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ká ní wọ́n fẹ́ dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ìjókòó, ìrìn tàbí ọ̀rọ̀ sísọ wọn ń pẹ́. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì yóò rò ó pé: gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, kí ìyá gbé ọmọ wá. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bi àwọn ìdílé. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ìyá ọmọ ti wà lọ́jà, ọmọ sì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ìyá àgbà yìí ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, òun ló ń fún un lóúnjẹ. Bí ẹ bá kọ́ ìyá ọmọ ní bí a ṣe ń gbé ọmọ jókòó kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè lágbára, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń gbé ní abà á sọ pé owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ ju èrè òwò ọjọ́ kan lọ. Ẹlòmíràn, bí ara bá ti tù ú díẹ̀, á sọ èyí tó le jù: òun kò fẹ́ kí aládùúgbò rí òun lábẹ́ pátákó tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ abirùn sí. Àmọ́ bí ètò náà bá bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ń wọn ọmọ, tí gbogbo ìyá wà níbẹ̀, ta ni yóò mọ ẹni tó wá torí kí ni?

Kò sí ìwé ìṣègùn tó lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń gbé e sọ́kàn lójoojúmọ́ ló mọ̀ ọ́n.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà tó ká mi lára gan-an, torí pé ó ń ba ayé ọmọ jẹ́. Jọ́ńdíìsì, èyí tó ń mú kí ojú àti ara pọ́n, tó bá le lára ọmọ tuntun lè wọ ọpọlọ, kó sọ ọmọ di adití tàbí ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn. Ọ̀kan lára ohun tó ń fà á ni kánfọ̀ tí wọ́n ń jù sínú àpótí aṣọ ọmọ. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí mọ́ àìtó èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, òórùn kánfọ̀ sì máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n ń sọ ọ́ fún aláboyún ní ilé ìwòsàn, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní àpótí náà? Ìyá àgbà ni, ó fi aṣọ ẹ̀gbọ́n pamọ́ de àbúrò kí aáyán má bàa jẹ ẹ́. Bí ìyá àgbà bá wà níbi ètò, yóò sọ pé ọ̀dọ̀ òun ni kí ọ̀rọ̀ náà dé, kó sì dé kí òun tó ṣí àpótí, ká lè tètè wá ọ̀nà mìíràn tí a ó fi máa tọ́jú aṣọ.

Ìrònú yìí ti pẹ́ láyé. Elinor Ostrom, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2009, ti ń ṣèwádìí lórí ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1970, ó sì fi hàn pé iṣẹ́ tí à ń ṣe fún aráàlú kì í yọrí láìsí ọwọ́ aráàlú nínú rẹ̀. Ní 1978, ìpàdé àgbáyé lórí ìlera tó wáyé ní ìlú Alma-Ata, ní Kazakhstan, sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ àti ojúṣe àwọn ènìyàn láti kópa nínú ètò ìlera tiwọn. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó di mínísítà ìlera ní 1985, ló gbé irú ètò ìlera yìí, ìlera alábọ́dé, káàkiri Nàìjíríà. Látinú rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù ti wá. Baálẹ̀, olórí ẹ̀sìn, olùkọ́ àti olórí obìnrin sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò lè rìn kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ibi tí mo ti rò pé ó yẹ ká bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní Ṣágámù, ní Ìpẹru, ní Àgó-Ìwòyè: kí wọ́n fi òbí méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n kún ìgbìmọ̀ tó ti wà nílẹ̀. Àwa Ìjẹ̀bú kò ṣàjèjì sí i. Bí Ojúde Ọba bá ń bọ̀, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà) kọ̀ọ̀kan ló ń jókòó yan aṣọ tirẹ̀, tó ń dá owó rẹ̀, tó ń pín iṣẹ́.

Àjọṣètò kò sọ pé kí a dìbò lórí ìwọ̀n oògùn. Iye mílígíráàmù tó tọ́ sí ọmọ, iṣẹ́ dókítà ni. Ó sì ní ìnáwó tirẹ̀: ẹ san owó ọkọ̀ fún àwọn òbí, ẹ ṣe ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ tàbí lẹ́yìn ìsìn, ẹ fi èdè tí ìyá àgbà ń sọ sọ̀rọ̀, kí bàbá ọmọ náà sì wà níbẹ̀, torí pé lọ́wọ́ rẹ̀ ni owó ilé ìwòsàn ti ń jáde ní ọ̀pọ̀ ilé. Lẹ́yìn ìpàdé, ẹ padà wá sọ ohun tí ẹ gbà àti ohun tí kò ṣeé ṣe, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe láti kúrò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun torí pé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n lè sọ pé kí àwọn ìyá tó wà ní abà kan náà jọ háyà mọ́tò kan, tàbí kí nọ́ọ̀sì kọ́ ìyá àgbà kan tó ní làákàyè, kí òun máa kọ́ àwọn yòókù nílé.