Pa á, tún un tàn: kì í ṣe oògùn gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń já

Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ti ń já nílé àwọn èèyàn wa níbí ní ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ó gbọ́: "Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn." Ọmọ á yọ wáyà iná lẹ́yìn módẹ́ẹ̀mù, á dúró díẹ̀, á tún fi wáyà náà padà síbẹ̀. Fíìmù á tún bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé á ní ó ti dáa. Tó bá di alẹ́, ó tún já, wọ́n á tún pa á.

Mo rò pé ilé la ti gbé àṣà yìí wá. Ní Nàìjíríà, ẹni tí dátà rẹ̀ kò bá lọ á fi fóònù sí airplane mode, á yọ ọ́ kúrò, fóònù á wá òpó mìíràn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sẹ́ni tó ń ka iye ìgbà tó ṣe é. DSL, ìyẹn íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gba wáyà tẹlifóònù wọlé, kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà bàbà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra ló wọ inú ilé yín, kò sì sí òmíràn tí módẹ́ẹ̀mù lè sá lọ bá. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní DLM ń ṣọ́ láìnì náà tọ̀sán-tòru. Ó ń ka àṣìṣe tó ń wáyé lórí rẹ̀ àti iye ìgbà tí ìsopọ̀ ń já. Tó bá rí i pé ó ti pọ̀ jù, á dín ìyára láìnì kù kó lè dúró. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ pa á kò lè ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń já a láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ẹ̀rọ yẹn lè kà á sí àìsàn láìnì, kì í sì í tètè dá ìyára tó gbà padà.

Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé, lára ọ̀pọ̀ módẹ́ẹ̀mù, pípa á ń pa ẹ̀rí rẹ́. Gbogbo àṣìṣe tó ti kà á padà sí òdo, ìgbà yẹn gan-an lẹ sì nílò wọn.

Ibo lẹ ti máa rí wọn? Ẹ ṣí búráúsà, ẹ tẹ 192.168.1.1, tàbí 192.168.0.1, tàbí 192.168.1.254, ẹ wo ẹ̀yìn módẹ́ẹ̀mù, wọ́n sábà máa ń lẹ nọ́ńbà náà àti ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́ ọn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DSL tàbí Line Status sí.

Attenuation kò gba àlàyé púpọ̀: iye agbára tó ń sọnù lójú ọ̀nà ni. Bó ṣe ń pọ̀ sí i, láìnì ń burú sí i ni, bẹ́ẹ̀ àwọn kan máa ń fi nọ́ńbà ńlá yangàn. Bí ilé yín ṣe jìnnà sí kábínẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ títì, tàbí sí ilé ẹ̀rọ tẹlifóònù àdúgbò tó bá jẹ́ ADSL (irú DSL àtijọ́), ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pípa àti títàn kò sì lè sún ilé yín mọ́ ibẹ̀.

SNR margin ni kókó. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lóde àríyá, tí onílù ń lù kíkankíkan. Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ borí ìlù dé ìwọ̀n kan kí ọ̀rẹ́ tó gbọ́. Ohun tó fi lé ìwọ̀n yẹn ni margin. Nígbà tí módẹ́ẹ̀mù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, á kọ́kọ́ wọn ariwo tó wà lórí wáyà lásìkò náà, á wá mú ìyára tó ga jù tó ṣì lè fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Níbí, 6 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọ́n) ni àyè ọ̀hún sábà máa ń jẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn wà. Ẹ tàn án lọ́sàn-án, 6 lẹ ó rí. Ẹ tàn án lóru, 6 náà ni. Margin kò yí padà, ìyára ló san owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ tàn án ní aago 10 àárọ̀, ó mú 16 Mbps pẹ̀lú 6 dB. Tí oòrùn bá wọ̀, ìgbì rédíò medium wave máa ń rin ọ̀nà tó jìn ju ti ọ̀sán lọ, lára àwọn ìgbì tí ADSL ń lò sì nìyẹn. Ariwo á pọ̀ lórí wáyà, àmọ́ ìyára tó mú láàárọ̀ ni ọ̀pọ̀ láìnì á ṣì dì mú. Margin á bọ́ sí 4, á bọ́ sí 2, láìnì á já. Nítorí náà, alẹ́ ni kí ẹ ka nọ́ńbà yẹn, kó tó já.

Ní ti àṣìṣe, ẹ má jẹ́ kí FEC dẹ́rù bà yín bó tilẹ̀ wọ mílíọ̀nù. Èyí tí módẹ́ẹ̀mù ti tún ṣe fúnra rẹ̀ ni. CRC ni kí ẹ ṣọ́, torí ìyẹn ni èyí tí kò rí tún ṣe.

Tí margin bá dúró gbọn-in, tí CRC kò gbéra, tí ìsopọ̀ sì ti wà láìjá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àmọ́ tí fíìmù ṣì ń dúró nínú yàrá òkè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi láìnì sílẹ̀. Wi-Fi ni kí ẹ wò. Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ módẹ́ẹ̀mù ná.

Ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà bá burú lóòótọ́, ẹ lọ sídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí wáyà tẹlifóònù bá wọlé. Lára èyí tó ti pẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí ìdè kékeré méjì (síkírù) nísàlẹ̀. Ẹ tú wọn, ẹ fa ìdajì ojú rẹ̀ jáde, ihò mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti tuntun kò ní ìdè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀. Ẹ so módẹ́ẹ̀mù mọ́ ihò yẹn pẹ̀lú fílítà, ìyẹn ohun kékeré tó ń ya ohùn tẹlifóònù kúrò lára íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wáyà tó lọ sí àwọn yàrá ti já kúrò nìyẹn, títí kan wáyà tí wọ́n fi ń mú aago tẹlifóònù àtijọ́ dún, tó máa ń fa ariwo wọ láìnì nínú ọ̀pọ̀ ilé. Tí ìyára bá lọ sókè, tàbí tí CRC rọlẹ̀, inú ilé ni àrùn wà.

Bí kò bá yí padà, ẹ mú rédíò kékeré, ẹ yí i sí ibi tí kò sí ìbùsọ̀ lórí medium wave, ẹ gbé e rìn káàkiri ilé. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú tàbí gílóòbù LED lè mú kó máa hán kíkankíkan. Ẹ yọ ohun náà kúrò nínú iná, kí ẹ wo bóyá CRC á dúró.

Tí gbogbo èyí kò bá ràn án, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó íńtánẹ́ẹ̀tì fún, kí ẹ ka margin alẹ́ àti iye CRC fún wọn. Kí ẹ sì rí i pé ẹ ti dán ihò ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wò kí wọ́n tó rán ẹnjiníà wá, torí tó bá rí i pé wáyà inú ilé yín ló bàjẹ́, wọ́n lè fi owó ìbẹ̀wò rẹ̀ kún bíìlì yín.