Ẹran Ẹsẹ̀ Tó Ń Fò Kọ́ Ni Iṣan Tó Jí

Láti Sábó dé Agric níbí ní Ìkòròdú, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra: "Ẹsẹ̀ mi ti kú tẹ́lẹ̀, iná ni wọ́n fi jí i." Abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń so mọ́ iná ni wọ́n ń sọ. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára ni pé wọ́n fojú ara wọn rí i. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojúgun, nísàlẹ̀ orúnkún, wọ́n fi wáyà há a ní méjì-méjì, wọ́n tan ẹ̀rọ, ni ẹran ẹsẹ̀ bá ń fò fúnra rẹ̀.

Iná náà ló ń ta iṣan tó ń darí ẹran ibẹ̀, iṣan yẹn ò sì kú rí. Èyí tí àtọ̀gbẹ máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́ ni iṣan tó gùn jù, tó ń gbé ìmọ̀lára bọ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọ ìka ni jíjó àti yíyún ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó gòkè. Ibi tó ń fò kọ́ ni ibi tó bàjẹ́. Lóòótọ́, iṣan tó já lè hù padà, àmọ́ nǹkan bíi mìlímítà 1 péré ni lójúmọ́. Láti orúnkún dé ọmọ ìka, ó lè ju ọdún kan lọ. Tí ṣúgà bá sì wà lókè, bíbàjẹ́ náà ò tíì dúró.

Ẹni tó ní ara tu òun ò parọ́ o. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Han Jisheng, àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Beijing fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí rẹ̀: iná tó ń lù ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ń mú kí ara tú èròjà apàrora bíi endorphin jáde, èyí tó ń lù ní ìgbà 100 ń tú dynorphin, apàrora mìíràn. Ìrora lè rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, yẹ ìwádìí lórí abẹ́rẹ́ yìí fún ìrora iṣan wò ní 2017, mẹ́fà péré ni wọ́n rí lò, pẹ̀lú èèyàn 462, ẹ̀rí ibẹ̀ ò sì tó láti sọ bóyá ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Ẹni tó gbà pé ẹsẹ̀ òun ti jí ló ń bà mí lẹ́rù. Á pa oògùn ṣúgà tì, á máa rin ẹsẹ̀ lásán. Ìṣó á wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní mọ̀, àfi ìgbà tó bá rí ọyún lórí ibùsùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ máa fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lálaalẹ́, títí dé àárín ọmọ ìka. Tí jíjó ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ẹ sọ fún dókítà. Oògùn bí amitriptyline àti gabapentin wà fún un. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ gba abẹ́rẹ́ oníná, kí wọ́n já abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín, oògùn ṣúgà ò sì gbọdọ̀ dúró. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń darí ìlùkìkì ọkàn sí láyà ò gbọdọ̀ gbà á rárá.