Bí Annie Hall ṣe ń sọ ìtàn ìfẹ́ tó ti túká

Ọ̀pọ̀ fíìmù ìfẹ́ tó ń pani lẹ́rìn-ín, ohun tó ń dá èèyàn jókòó síbẹ̀ ò ju pé ṣé àwọn méjèèjì máa fẹ́ra wọn. Annie Hall tó jáde lọ́dún 1977 ò tiẹ̀ gba ibẹ̀ yẹn rárá o. Kéèyàn tó jókòó dáadáa, Alvy (Woody Allen tó darí fíìmù náà ló ṣe é) ti dúró síwájú kámẹ́rà, ó ń wojú òǹwòran, ó ní òun àti Annie ti pín gaàrí. Ó tán. Ibo ló ti wá bàjẹ́?

Ìdí nìyẹn tí ìtàn ẹ̀ ò fi lọ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, ṣe ló ń fò síwá sẹ́yìn bí ọkàn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já jù sílẹ̀ tí ò rí oorun sùn, ó rántí ìjà, ó rántí ìgbà tó wà ní kékeré, ó tún rántí ọjọ́ tí nǹkan ṣì ń dùn. Ẹ wo ti lobster, ìyẹn ẹran omi tó dà bí edé ńlá. Alvy àti Annie (Diane Keaton) wà ní kíṣìnì, lobster ń rá kiri ilẹ̀, wọ́n ń sá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín àrín-ìn-dákẹ́. Nígbà tó yá ó tún gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú obìnrin míì, ìyẹn kàn ń wò ó ni, kò rí ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé ohun tó sọnù, lobster ti sọ ọ́.

Níbòmíì, wọ́n pín ojú fíìmù sí méjì, kálukú wà lọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ọkàn ẹ̀. Wọ́n bi wọ́n pé ṣé wọ́n máa ń sùn pọ̀ dáadáa. Alvy ní kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Annie ní gbogbo ìgbà ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ṣá! Yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n fi ògiri là láàárín ni wọ́n sì ti ya méjèèjì pọ̀, torí náà bí wọ́n ṣe ń dáhùn gan-an la ṣe ń gbọ́ ọ.

Kì í ṣe pé wọ́n ti ní gbogbo èyí lọ́kàn látilẹ̀ o. Anhedonia (ìyẹn kéèyàn má lè gbádùn ohunkóhun) ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ pè é, ọ̀rọ̀ inú orí Alvy ló pọ̀ níbẹ̀, ó sì lé ní wákàtí méjì. Ìgbà tí Ralph Rosenblum tó ń gé fíìmù náà jókòó tì í ló hàn pé gbogbo ibi tí Annie ti yọjú ló ń dùn, ni wọ́n bá ń gé ìyókù dànù títí ó fi ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 93. Lọ́dún 1978 ó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar mẹ́rin, ti fíìmù tó dáa jù sì wà níbẹ̀.

Ibi tó kù díẹ̀ kó parí, Alvy kọ eré orí ìtàgé, ó gbé ọ̀rọ̀ tí òun àti Annie bára wọn sọ nígbà tó lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti pínyà síbẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, àmọ́ nínú eré tiẹ̀, ọmọbìnrin yẹn tẹ̀ lé e padà sílé. Annie gidi ò tẹ̀ lé e. Wọ́n kàn pàdé nígbà tó yá, wọ́n jẹun, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kálukú gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ, kámẹ́rà sì dúró sẹ́yìn wíńdò tó ń wo títì New York tí wọ́n kúrò.