Erin Yankari àti erin ẹgàn: èwo ló sún mọ́ ìparun jù?

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Bauchi tàbí Jos, tó bá lọ sí Yankari, ọgbà ẹranko ní ìpínlẹ̀ Bauchi, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lè rí erin tó ń mumi létí odò Gaji. Ẹ̀yà erin yìí kọ́ ló wà nínú igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Erin ọ̀dàn ni ti Yankari, erin ẹgàn ni ti Omo. Etí ni kéèyàn kọ́kọ́ wò: ti ọ̀dàn fẹ̀ débi pé ó ń bo èjìká, ti ẹgàn kéré, ó sì rí roboto. Eyín ti ọ̀dàn tẹ̀ kọrọdọ síwájú. Ti ẹgàn gún, ó dojú kọlẹ̀.

Títí di 2021, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, ka àwọn méjèèjì sí. Nígbà tí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ hàn kedere. Kì í ṣe iye tó ṣẹ́ kù nìkan ni àjọ náà ń wò. Ó ń wo bí ẹran náà ṣe dín kù tó láàárín ìran mẹ́ta. Bó bá dín ní ìdá 50 nínú 100, ó ti wà nínú ewu ìparun. Bó bá tó 80, ewu náà ti dé góńgó. Erin ọ̀dàn dín ní ìdá 60, ó kéré tán, láàárín ọdún 50. Ti ẹgàn dín ní ohun tó lé ní 86 láàárín ọdún 31, òun ló sì wà ní góńgó.

Àwọn tó ń pa wọ́n nítorí eyín kò dá ọ̀kankan nínú méjèèjì sí, àmọ́ bí àwọn erin náà ṣe ń bímọ yàtọ̀. Abo erin ọ̀dàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í bí ní nǹkan bí ọmọ ọdún 12, kó sì máa bí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin síra. Ti ẹgàn sábà máa ń tó ọdún 23 kó tó bí àkọ́bí, ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ló sì wà láàárín ọmọ kan àti èkejì. Ìyẹn ni pé ti ọ̀dàn ti lè bí mẹ́ta kí ti ẹgàn tó bí ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n bá pa nínú ẹgàn, ó máa pẹ́ gan-an kí òmíràn tó dípò rẹ̀.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀ nípa Yankari. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ni IUCN ń wò. Nínú 2,244 kìlómítà níbùú-lóròó tí Yankari ní, nǹkan bí 100 erin péré ló wà, kò sì sí agbo mìíràn nítòsí tó lè wá kún wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, etí odò ni wọ́n ń kóra jọ sí, ẹ̀ṣọ́ mọ ibi tí wọ́n wà, ọdẹ náà sì mọ̀ ọ́n. Bí òjò bá dé, wọ́n á fọ́n ká, wọ́n á wọ oko àgbàdo àti ọkà bàbà lóru. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá run, ara rẹ̀ kò ní yá láti ta ẹ̀ṣọ́ lólobó bó bá rí ọdẹ.

Abo tí wọ́n bá pa kì í sì dá lọ. Àárín ẹsẹ̀ iwájú ni ọmú rẹ̀ wà. Ọmọ rẹ̀ á ká ọwọ́jà kékeré sókè orí, á fi ẹnu mu ún. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kì í sábà yè é bí ìyá rẹ̀ bá kú.