Bí Ṣọ́ọ̀bù Alágbẹ̀dẹ Wúrà Ṣe Di Bánkì: John Freame àti Ìdílé Rẹ̀

Àwọn àgbà tó ti ń fowó pamọ́ sí bánkì l'Ékòó kí ọdún 1979 tó dé mọ̀ pé Barclays ni Union Bank ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Orúkọ àna ni orúkọ Barclay yẹn. John Freame lorúkọ alágbẹ̀dẹ wúrà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní London ní ọdún 1690, kò sì bá àwọn Barclay tan nígbà náà. Ẹni tó bá mọ bí orúkọ àna ṣe gba ipò orúkọ onílé ti mọ púpọ̀ nínú bí bánkì àtijọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń jẹ́ bánkì níbẹ̀, Tower, ilé olódi ọba tí wọ́n ti ń rọ owó, ni àwọn oníṣòwò ńlá ń kó wúrà àti fàdákà wọn pamọ́ sí. Ní 1640, ọwọ́ há fún Ọba Charles Kìíní, ló bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ọlọ́rọ̀. Ó padà tú u sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà láti yá a lówó, àmọ́ ta ni yóò tún kó ohun ìní rẹ̀ lọ sí àgbàlá irú ọba bẹ́ẹ̀? Alágbẹ̀dẹ wúrà ní tirẹ̀ ní àpótí irin, ó ní ilẹ̀kùn tó nípọn, ó sì ní ọmọ iṣẹ́ tó ń sun ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbà lọ.

Níbẹ̀rẹ̀, ṣe ló dà bí iṣẹ́ alájọ: owó olówó ni, ó kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Rìsíìtì tó ń kọ fún olówó ló yí nǹkan padà. Bí ẹni tó ní rìsíìtì bá jẹ ẹlòmíì lówó, kò sídìí tó fi gbọ́dọ̀ lọ ru wúrà wá. Ó kàn fa rìsíìtì náà lé ẹni tí òun jẹ lówó lọ́wọ́ ni, ìyẹn náà á fi san gbèsè tirẹ̀. Báyìí ni bébà bẹ̀rẹ̀ sí í ná lọ́jà bí owó. Àwọn mìíràn máa ń kọ lẹ́tà sí alágbẹ̀dẹ wúrà pé kó fún lágbájá ní iye báyìí nínú owó àwọn. Lẹ́tà yẹn ló di sọ̀wédowó. Wọ́n ti kọ ọ̀kan ní London ní 1659, fún 400 pọ́n-ùn.

Alágbẹ̀dẹ wúrà wá ṣàkíyèsí ohun kan. Gbogbo olówó kì í dé lọ́jọ́ kan náà. Ká ní 1,000 pọ́n-ùn wà nínú àpótí, tó sì jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè lóòjọ́, ó lè yá oníṣòwò kan ní 600 nínú rẹ̀, kó gba èlé. Òfin kò jẹ́ kí èlé ọdún kan ju pọ́n-ùn mẹ́fà lórí ọgọ́rùn-ún lọ; láti 1714, wọ́n mú un wá sí márùn-ún. Ó ń fún àwọn tó kó owó wá ní díẹ̀ nínú èlé yẹn kí wọ́n má baà kó o lọ ibòmíràn, èyí tó kù sì di èrè rẹ̀. Kò gba owó ìpamọ́ mọ́. Òun gan-an ló ń sanwó fún ẹni tó bá gbé owó wá.

Ewu rẹ̀ wà nínú ẹni tí wọ́n bá yá lówó. Ní 1672, Ọba Charles Kejì kéde pé òun kò ní lè san gbèsè òun. Ó jẹ Edward Backwell ní nǹkan bí 296,000 pọ́n-ùn, ó jẹ Robert Vyner ní ju 416,000 lọ. Àwọn méjèèjì kógbá sílé níkẹyìn, àwọn tó kó owó sọ́dọ̀ wọn sì jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò ṣẹ̀.

Kò tíì pé ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn tí Freame ṣe fíríìdọ̀mù, tí òun àti Thomas Gould sì jọ ń ṣòwò ní Lombard Street. Ọmọ ìjọ Quaker ni àwọn méjèèjì. Àwọn Quaker kì í búra, nítorí náà wọn ò lè gboyè ní Oxford, wọn ò sì lè di ipò ìjọba mú. Òwò ló kù fún wọn. Ìjọ wọn kò sì fojú kékeré wo gbèsè: ẹni tó bá jẹ gbèsè tí kò lè san, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú ìjọ ní gbangba. Ẹni tó fẹ́ kó owó fún Freame mọ̀ pé àwọn ará ìpàdé ti ń bá òun ṣọ́ ọ. Ohun tó mú kí bánkì yìí yàtọ̀ sí ti Backwell nìyẹn, àní ju àpótí irin lọ.

Òfin náà dá sí i. Wọ́n ti dá Bank of England sílẹ̀ ní 1694, nígbà tó sì di 1708, òfin sọ pé bánkì mìíràn tó ń tẹ ìwé owó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọ́dọ̀ ní ju alábàáṣòwò mẹ́fà lọ. Bẹ́ẹ̀, bí iṣẹ́ bá wó, olúkúlùkù wọn ni yóò fi gbogbo ohun tó ní san gbèsè, títí kan ilé tó ń gbé. Ta lèèyàn á bá wọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹbí? Freame fẹ́ Priscilla, arábìnrin Gould. Gould náà fẹ́ Hannah, arábìnrin Freame. Ìjọ tún máa ń yọ ẹni tó bá fẹ́ ará ìta, nítorí náà àárín ara wọn ni ọkọ àti aya ti ń wá. Owó orí kọ́ ló ń rìn níbẹ̀ o. Bàbá ìyàwó ló ń fún ọmọ rẹ̀ ní ìpín lọ sílé ọkọ, òfin ayé ìgbà náà sì fi í sí ìkáwọ́ ọkọ. Ọ̀pọ̀ owó tí bánkì fi dúró, ọwọ́ obìnrin ló gbà wọlé, síbẹ̀ kò sí orúkọ obìnrin lára pátákó.

Joseph ọmọ Freame di alábàáṣòwò ní 1728, ọdún tí wọ́n kó lọ sí ilé tó ní àmì idì dúdú tó na apá. Ilé kò ní nọ́ńbà nígbà náà, àmì ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ìgbà yẹn ni àwọn Barclay wọlé. David Barclay, oníṣòwò aṣọ ní Cheapside, fẹ́ Priscilla ọmọ Freame lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́. James, ọmọ tí ìyàwó àkọ́kọ́ bí fún un, fẹ́ Sarah, ọmọ Freame mìíràn. Bàbá àti ọmọ fẹ́ ọmọ ìyá méjì: Priscilla jẹ́ ìyàwó bàbá James, ó tún jẹ́ àna rẹ̀. Ní 1736, James wọ iṣẹ́ náà. Freame kú ní 1745.

David kékeré, ọmọ Priscilla, fẹ́ Rachel Lloyd láti inú ìdílé tó dá bánkì sílẹ̀ ní Birmingham ní 1765. Agatha ọmọ rẹ̀ fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Gurney, olówó ìlú Norwich. Bí ẹni tó wà ní Norwich bá fẹ́ sanwó ní London, kò ní láti fi ẹṣin ru wúrà la igbó kọjá. Ìwé ló ń kọ sí ìbátan rẹ̀, ìyẹn á sanwó, wọn á sì ṣírò rẹ̀ nínú ìwé owó wọn. David yìí kan náà ni òun àti arákùnrin rẹ̀ gba oko ẹran kan ní Jamaica dípò gbèsè, tòun tàwọn ẹrú inú rẹ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n èèyàn. Wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní 1795, wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ sí Philadelphia láti kọ́ṣẹ́. Ó yẹ kí á rántí ohun tó ṣáájú ìtúsílẹ̀ náà: èèyàn wà lára ohun tí wọ́n lè fi san gbèsè.

Nígbà tí bánkì ogún para pọ̀ di Barclay and Company ní 1896, òfin alábàáṣòwò mẹ́fà ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Ti Gurney wà lára àwọn ogún náà. Ní 1925, wọ́n gba Colonial Bank, èyí tó ti ní ẹ̀ka l'Ékòó, wọ́n sì gbé orúkọ àna Freame kọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.