Bí ọmọ Amish tó kúrò nílé ṣe ń di ẹni tí ìjọba mọ̀

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, irùngbọ̀n àti ilé tí kò ní iná mànàmáná, ẹni tó bá ti rí fọ́tò àwọn Amish rí, ìjọ Kristẹni kan ní Amẹ́ríkà tó ń yẹra fún ọ̀pọ̀ ohun ìgbàlódé, ti mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 18 ni ká sọ, èyí tó fi abúlé wọn sílẹ̀ ní Ohio tàbí Pennsylvania, tó fẹ́ máa gbé bíi ti ará Amẹ́ríkà yòókù. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó ti jáde ṣáájú ló ń gba irú wọn sílé, wọn kì í sì í da ara wọn láàmú lórí fóònù tàbí ṣòkòtò jíǹsì. Kò ní pẹ́ tí ọmọ fi máa mọ ìyẹn. Ìwé ìdánimọ̀ ni wàhálà.

Ká tó dé ìdí ìwé, irọ́ kan wà tó ti sú ni í gbọ́. Wọ́n ní tí ọmọ Amish bá ti pé ọdún 16, wọ́n á ní kó lọ jayé orí ẹ̀ nílùú ńlá, kó tó wá yan èyí tó wù ú. Rumspringa, ìyẹn àsìkò tí wọ́n ń fún ọ̀dọ́ lómìnira díẹ̀ kó tó ṣèrìbọmi, wà lóòótọ́, àmọ́ ilé bàbá wọn ni ọ̀pọ̀ ń gbé ní gbogbo àsìkò náà, ibi ìpàdé orin alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sì ti ń wá ẹni tí wọ́n máa fẹ́. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá jáde ni wọ́n ń yọ lẹ́gbẹ́. Ìrìbọmi ló pààlà. Ẹni tó bá lọ láìtíì ṣèrìbọmi kò da ẹ̀jẹ́ kankan; ó ṣì lè wá jẹun nílé, bí inú ìyá ẹ̀ ò tiẹ̀ dùn. Ẹni tó ti ṣèrìbọmi kó tó lọ ni wọ́n ń pa tì. Tábìlì tirẹ̀ á wà lọ́tọ̀, ará ilé ò sì ní gba àwo oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀: á gbé e kalẹ̀ ná, kí wọ́n tó mú un. Èyí ló fà á tí ẹni tó bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́ fi gbọ́dọ̀ tètè mọ̀ bóyá ó ti ṣèrìbọmi, torí ìyẹn ló máa sọ bí yóò ṣe rọrùn tó láti lọ bi àwọn òbí nípa ìwé ìbí.

Ó sì lè jẹ́ pé ìwé ìbí ọ̀hún ò sí. Ilé ni wọ́n ti bí ọ̀pọ̀ wọn, lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Láti ọdún 1965 ni òfin ti gba àwọn Amish láyè láti yọ ara wọn kúrò nínú Social Security, ètò owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, torí ìjọ ló ń tọ́jú arúgbó wọn, nítorí náà àwọn òbí kan kì í gba nọ́ńbà ètò náà, tí ìjọba fi ń dá èèyàn mọ̀, fún ọmọ. Kò sí láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Fọ́tò gan-an, wọn kì í fẹ́ yà á.

Kọ́kọ́rọ́ àpótí wá wà nínú àpótí. Agbanisíṣẹ́ ń béèrè nọ́ńbà. Ọ́fíìsì nọ́ńbà ń béèrè ìwé ìbí àti káàdì ìdánimọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe káàdì ń béèrè ìwé ìbí àti nọ́ńbà. Ẹni tó bá sì ti pé ọdún 12 láìní nọ́ńbà gbọ́dọ̀ lọ jókòó síwájú òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra ẹ̀, kó fi hàn pé òun ò gba ọ̀kan rí. Báwo lèèyàn ṣe ń mú ẹ̀rí ohun tí kò ní wá?

Ibí yìí ni ọgbọ́n àwọn olùrànlọ́wọ́ ti ń yọ. Wọn kì í já àpótí. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbà ṣí i. Wọ́n á wá ìwé tí agbẹ̀bí kọ, rẹ́jísítà ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan tí ọmọ lọ, káàdì ilé ìwòsàn bó bá wà, ojú ewé Bíbélì tí bàbá kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí. Ẹ̀gbọ́n tó ti jáde ṣáájú á wá búra pé ojú òun ni wọ́n bí i. Ìwé kékeré kan á fa èkejì yọ, títí nọ́ńbà á fi dé.

Kó tó dé, ọmọ ń ṣiṣẹ́. Káfíńtà tó mọṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin wọn, àmọ́ owó ọwọ́ ni wọ́n ń gbà, ẹni tó bá sì fẹ́ rẹ́ wọn jẹ mọ̀ pé wọn ò níbi tí wọ́n máa fẹjọ́ sùn. Ọ̀pọ̀ ò sì ní owó ìpamọ́, torí àṣà ibẹ̀ ni pé kí ọmọ máa kó owó iṣẹ́ ẹ̀ fún òbí títí á fi pé ọdún 21.

Ìwé kíkà náà ń dúró dè wọ́n. Kíláàsì kẹjọ ni ilé ẹ̀kọ́ wọn ń parí sí. Lọ́dún 1972, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà dá àwọn bàbá kan láti ìpínlẹ̀ Wisconsin láre, tí wọ́n ti bu owó ìtanràn dọ́là 5 lé lórí torí wọn ò jẹ́ kọ́mọ wọn kọjá ibẹ̀. Adájọ́ William O. Douglas nìkan ló yà lára wọn, ó ní ó yẹ kí wọ́n gbọ́ tẹnu ọmọ. Òun ló rí i. Òmìnira tí wọ́n fún òbí lọ́jọ́ náà, ọmọ tó bá jáde ló ń san gbèsè ẹ̀, bó ṣe ń jókòó ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè yege nínú GED, ìdánwò tó dúró fún ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ti ilé ẹ̀kọ́ le, torí ẹ̀sìn ni. Ti nọ́ńbà ò le tó bẹ́ẹ̀: kò sẹ́ni tí nọ́ńbà lásán ń fipá mú gba owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n lè fún gbogbo ọmọ ní tirẹ̀ látọjọ́ ìbí, kí ẹni tí kò bá fẹ́ lò ó fi sínú dúrọ́ọ̀.