Èèpo Ọsàn Ni Kí Ẹ Fi Sí Bisikíìtì Ọdún, Kì í Ṣe Omi Rẹ̀

Omi ló máa ń ba bisikíìtì eléso jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí bisikíìtì ọdún rẹ̀ máa ta sánsán ọsàn sábà máa ń fún ọsàn bíi mẹ́ta sínú fúláwà. Ìṣù fúláwà á rọ̀ jù, á bu fúláwà sí i, á tún un pò, á tún bu sí i. Nígbà tó bá fi jáde nínú iná, á ti le gbandi, imú kankan ò sì ní gbóòórùn ọsàn lára rẹ̀. Nínú 100 gíráàmù omi ọsàn, ohun tó lé ní 85 ló jẹ́ omi lásán. Ṣúgà àti kíkan díẹ̀ ló kù. Òórùn tí gbogbo wa mọ̀ sí ti ọsàn, inú èèpo ló wà, nínú àwọn àpò òróró kéékèèké tó wà lójú rẹ̀. Ẹ tẹ èèpo náà níwájú àbẹ́là, ẹ ó rí i tí òróró rẹ̀ máa ta sára iná tí á sì gbiná. Òróró yẹn la fẹ́ kó wọ inú bisikíìtì.

Ẹ wo àwọn ọlọ́sàn ní Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí àwọn tó ń tà ní gáréèjì Ṣàgámù. Ojú ọsàn ni wọ́n ń fi abẹ hó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á fi funfun rẹ̀ sílẹ̀ fún oníbàárà, èèpo ojú á sì lọ sínú garawa. Ohun tó wà nínú garawa yẹn gan-an ni oníbisikíìtì ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ ṣà á níbẹ̀ o, eruku títì ti bá a. Ọsàn tí wọn ò tíì hó ni kí ẹ rà.

Kò ní kí èèpo rẹ̀ pupa kí ẹ tó rà á. Òru ilẹ̀ wa kì í tutù tó láti lé àwọ̀ ewé kúrò lójú ọsàn, nítorí náà ọsàn lè gbó, kó dùn, kí ojú rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bisikíìtì yín á ní tóótòòtó àwọ̀ ewé lára, kò sì sí aburú níbẹ̀.

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti kànìnkànìn fọ ọsàn náà, kí ẹ nù ún gbẹ pátápátá. Ojú tó kéré jù lára irin tí a fi ń rin ilá ló dára jù fún un, bí irin náà kò bá ti ní òórùn ilá àná lára. Ojú ọsàn nìkan ni kí ẹ rin. Bí funfun bá ti ń yọjú, ẹ yí ọsàn náà síbòmíràn, torí funfun yẹn korò, iná kì í sì í mú ìkorò rẹ̀ kúrò. Ọsàn kan tó mọ níwọ̀n á fún yín ní bíi ṣíbí ìjẹun kan. Ti tánjaríìnì tín-ín-rín jù fún irin, ọ̀bẹ ni kí ẹ fi gé e wẹ́wẹ́. Ti ọsàn wẹ́wẹ́ le gan-an, èèpo méjì péré ti tó fún ohun tí a fẹ́ ṣe yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ da èèpo rírin náà sínú ṣúgà, kí ẹ fi ìka rà á pọ̀ fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3. Ẹnu mímú ṣúgà á bẹ́ àwọn àpò òróró náà, ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí ohun tó tutù, òórùn á sì gba ilé ìdáná kan. Ṣúgà ọjà wa máa ń rí wóro-wóro, ó sì yẹ kí a lọ̀ ọ́ kúnná díẹ̀ kí bisikíìtì má baà ní ojú gbágungbàgun. Àmọ́ ẹ fi èèpo rà á kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ṣúgà tó ti kúnná kò ní ẹnu tí yóò fi bẹ́ ohunkóhun.

Ohun tí ẹ ó lò fún nǹkan bíi bisikíìtì 45 nìyí: fúláwà 300 gíráàmù, bọ́tà 150, ṣúgà 100 pẹ̀lú èèpo ọsàn mẹ́ta tí a ti rà mọ́ ọn, pupa ẹyin kan, iyọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì, báàkin páúdà ìdajì ṣíbí tíì, àti ṣíbí ìjẹun kan omi ọsàn tí a ti sè kó ki. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè la bọ́tà 250 gíráàmù sí ọ̀nà márùn-ún kó mú mẹ́ta, kó sì pín ṣúgà 500 gíráàmù sí márùn-ún kó mú ọ̀kan. Fúláwà ni kò ṣe é fi ojú wọ̀n. Ife kan náà tí a rọra bù àti èyí tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ lè fi bíi 30 gíráàmù ju ara wọn lọ, ìyẹn sì tó láti sọ bisikíìtì di òkúta. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á bá yín wọ̀n ọ́n.

Omi ọsàn tí mo sọ pé kó ki yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn tí omi èso fi lè wọ bisikíìtì láìdà á rú. Ẹ fún ọsàn mẹ́ta tí ẹ ti rin èèpo wọn, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ gbé e ka iná kékeré títí á fi ku bíi ṣíbí ìjẹun méjì. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, torí kíkan ọsàn máa ń jẹ ẹ́, adùn irin á sì wọ inú omi náà. Ọ̀kan nínú ṣíbí méjèèjì ni ti ìṣù, ẹ tọ́jú èkejì fún ohun tí a ó fi kun ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ́tà gba àlàyé. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní bọ́tà, màjarín ni, kò sì burú, bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún kéèkì. Ẹ yẹ ara ike rẹ̀ wò: bí ọ̀rá inú rẹ̀ bá tó 80 nínú 100, ẹ mú un. Èyí tí wọ́n ṣe fún fífi pa búrẹ́dì, tí ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ 60 tàbí kéré sí i, omi ló kún ìyókù inú rẹ̀. Bisikíìtì tí a fi ṣe á tẹ́ gbẹrẹgẹdẹ lórí tíréè, àárín rẹ̀ ò sì ní gbẹ.

Bọ́tà yẹn gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú fúláwà tí ẹ ti jọ̀ pẹ̀lú iyọ̀ àti báàkin páúdà, kí ẹ fi orí ìka fọ́ ọ mọ́ ọn títí gbogbo rẹ̀ á fi rí bíi gààrí Ìjẹ̀bú tí a wọ́n omi díẹ̀ sí. Orí ìka ni mo wí, àtẹ́lẹwọ́ gbóná jù. Ìdí tí a fi ń ṣe báyìí ni pé fúláwà ní èròjà kan tó máa ń fà bí omi bá kàn án tí a sì ń pò ó, wọ́n ń pè é ní gluten. Òun ló ń gbé búrẹ́dì dúró, òun náà ló ń sọ bisikíìtì di líle. Bí ọ̀rá bá ti bo fúláwà kí omi tó dé, omi ò ní ráyè kàn án púpọ̀. Fúláwà tí wọ́n ń fi kọ́ńgò wọ̀n lọ́jà sábà máa ń jẹ́ ti oníbúrẹ́dì, gluten rẹ̀ sì pọ̀. Ẹ yọ 30 gíráàmù nínú 300, kí ẹ fi kọnfúláwà rọ́pò rẹ̀.

Ẹ da ṣúgà ọlọ́sàn náà sí i, lẹ́yìn náà pupa ẹyin tí ẹ ti lù pọ̀ mọ́ omi ọsàn tó ki. Ẹ kó o jọ, kí ẹ fún un pọ̀ kó di ìṣù kan, ó parí. Ẹ má pò ó. Bí ó bá ṣì ń ya, ṣíbí tíì kan omi tútù ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe ife.

Ojú ọjọ́ wà nínú iṣẹ́ yìí. Kérésìmesì máa ń bá ọyẹ́ pàdé: fúláwà á gbẹ, ìṣù á máa sán létí, ṣíbí tíì omi tí mo sọ yẹn á sì wúlò. Iléyá ní tirẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ló bọ́ sí, nígbà òjò gan-an. Nígbà bẹ́ẹ̀, fúláwà ti mu omi inú afẹ́fẹ́, ẹ lè má nílò omi rárá. Ẹni tó bá ń ṣe é fún àlejò Ojúde Ọba, tó jẹ́ ọjọ́ kẹta ọdún, kó má ṣe é ju ọjọ́ méjì ṣáájú lọ bí ó bá jẹ́ nígbà òjò.

Ẹ tẹ́ ìṣù náà láàárín ọ̀rá náílọ́ọ̀nù méjì tó mọ́, kó nípọn tó bíi mílímítà 5. Ìgò á ṣe é bí kò bá sí igi. Ẹ gbé e sí fìríìjì fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán, lẹ́yìn náà kí ẹ gé e bó ṣe wù yín. Bọ́tà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní nǹkan bíi 32°C, ọ̀sán ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sì máa ń dé ibẹ̀ wẹ́rẹ́. Bí kò bá sí iná, ẹ ra áìsì sínú kúlà, kí ẹ tẹ́ ìṣù náà lé e nínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀, tàbí kí ẹ kúkú fi àfẹ̀mọ́júmọ́ ṣiṣẹ́. Ìṣù tó ti gbóná kó tó wọ ófùn á yọ́ kí fúláwà tó rí ààyè dì, gbogbo ìràwọ̀ àti òdòdó tí ẹ gé á di róbótó kan náà.

Ófùn gbọ́dọ̀ gbóná tó 170°C kí tíréè tó wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ófùn gáàsì wa, ohun tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń sọ yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wọ́n fúláwà ṣíbí tíì kan sórí tíréè, kí ẹ gbé e wọlé fún ìṣẹ́jú 5: bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó tó, bí ó bá dúdú kó tó pé ìṣẹ́jú 3, ẹ dín iná kù. Ìṣẹ́jú 12 sí 14 ni bisikíìtì ń lò. Ẹ yọ ọ́ nígbà tí etí rẹ̀ bá pọ́n tí àárín rẹ̀ ṣì rọ̀ díẹ̀, torí orí tíréè gbígbóná ni yóò ti parí gbígbẹ. Ẹni tó bá dúró kó le nínú iná, bisikíìtì rẹ̀ ti jóná tán.

Bí kò bá sí ófùn, ìkòkò oníyanrìn náà ń ṣe é. Ìkòkò tó nípọn ni o, kì í ṣe èyí tí kì í lẹ̀. Ẹ da iyanrìn tí a fọ̀ tí a sì sá gbẹ sísàlẹ̀ rẹ̀, kó ga tó bí ìbú ìka méjì, ẹ gbé agolo sàdíìnì tó ṣófo lé e, kí ẹ dé e, kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15. Tíréè kò gbọ́dọ̀ kan ara ìkòkò. Oru tí ìdérí bá há mọ́nú máa ń sọ bisikíìtì di rírọ̀, ẹ ṣí ìdérí díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 3 ìkẹyìn. Bí ó bá jẹ́ èédú lẹ fi dáná àdògán, ìta ni kí ẹ gbé e sí, torí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè pa ènìyàn nínú yàrá tí a tì. Ẹ má da omi sórí iyanrìn gbígbóná láé.

Fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó, èèpo rẹ̀ ò wúlò, ara rẹ̀ la ń lò, nítorí náà kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí a lé omi rẹ̀ lọ. Ẹ rin 300 gíráàmù, fi ṣúgà 50 sí i, kí ẹ máa rò ó lórí iná kékeré títí ṣíbí á fi là á tí ìdí ìkòkò á hàn tí kò sì ní tètè padé. Á kù bíi 120 gíráàmù. Ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Ẹ wá fi ìka tẹ ihò sí àárín ìṣù róbóróbó, kí ẹ fi ìdajì ṣíbí tíì sínú rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, á hó dànù sórí tíréè, á sì jó.

Àgbọn rọrùn: ẹ rin ín, fún wàrà rẹ̀ kúrò, yan án nínú páànù gbígbẹ títí kò fi ní lẹ̀ mọ́wọ́, kí ẹ fi 60 gíráàmù rọ́pò fúláwà 60. Ọ̀rá wà lára rẹ̀, ẹ yọ 20 gíráàmù nínú bọ́tà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ti kéèkì ni. Àgbálùmọ̀ ní oje tó ń lẹ̀ mọ́ eyín. Ẹ jẹ́ ká máa lá a bẹ́ẹ̀.

Fún ojú rẹ̀, ẹ po ṣúgà tó kúnná 120 gíráàmù pọ̀ mọ́ ṣíbí ìjẹun kan omi ọsàn tó ki àti ṣíbí tíì kan tàbí méjì omi ọsàn wẹ́wẹ́. Bisikíìtì gbọ́dọ̀ ti tutù kí ẹ tó kùn ún. Nígbà òjò, ẹ kùn ún fẹ́lẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní gbẹ.

Ẹ má kó o sínú agolo nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, torí oru rẹ̀ á padà sára rẹ̀. Èyí tí a fi èèpo ọsàn nìkan ṣe á tó ọ̀sẹ̀ méjì nínú agolo tó dé dáadáa. Èyí tó ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó kì í ju ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ẹ má sì kó méjèèjì sínú agolo kan, torí omi á kúrò lára ọ̀kan wọ inú èkejì. Bí ti ọlọ́sàn tí ẹ ò kun ojú rẹ̀ bá rọ̀, ẹ dá a padà sínú ófùn 150°C fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ jẹ́ kó tutù síta. Ti ọlọ́pẹ̀ òyìnbó kò ṣe é dá padà. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún àlejò.